Fọ́tò Ìbejì Tí Kò Jáde

Láti Àjàṣẹ́-Ìpo ni Hamidah ti gbé báàgì kámẹ́rà rẹ̀ lé itan. Kò gbà kí awakọ̀ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá Òrò, ó tún okùn báàgì náà wé mọ́ ọwọ́. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó ti bímọ mẹ́rin sí Minna, ó ti sin ọkọ, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Ọ̀mù-Àrán ni àyà rẹ̀ ń já bíi ti ọmọ tó fọ́ àwo ìyá rẹ̀.

Fíìmù kan ṣoṣo ló wà nínú kámẹ́rà náà. Ọmọ rẹ̀ ló bá a wá a rí l'Ékòó, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ sì ti kọjá láti ọdún mẹ́fà. Fọ́tò méjìlá péré ló lè gbà. Hamidah ní òun á fi mẹ́ta dán ọwọ́ wò nínú ìlú, kí òun tó dé ilé tí òun ń lọ.

Ó ya ọ̀nà ọjà. Ó ya kànga kan tí wọ́n ti dí pa. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣìnà, nínú ìlú tó ti máa ń dijú rìn nígbà kan rí, ó sì ń béèrè ọ̀nà bí àlejò kó tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Aaron. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí. Bó ṣe tẹrí ba wo inú kámẹ́rà àtijọ́ náà láti òkè, ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde sí i.

“Màmá, kí lẹ ń yà? Ṣé ẹ fẹ́ ra ilé ni?”

“Ibí ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kí n fi fóònù bá yín yà á, kẹ́ ẹ rí i kíá.”

“Tèmi yìí kì í ṣe ti kíá,” ni Hamidah wí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó di mẹ́ta.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Aaron. Láyé ìgbà náà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá papò dà, ìyá á mú èyí tó kù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá á fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, á ya ọmọ náà lórí àpótí apá òsì. Kò ní í yí fíìmù. Á bo ìdajì tó ti yà, ọmọ á ṣí lọ sórí àpótí apá ọ̀tún, ọ̀gá á tún yà á. Bí fọ́tò bá jáde, ọmọ méjì ló jókòó síbẹ̀. Ìyá á gbé e kọ́ ògiri, ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ṣe mú Hussainat wá lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Èkejì rẹ̀, Hassanat, ti lọ láti oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá Aaron ya fọ́tò náà tán, ó ní kí Hamidah fọ fíìmù, ó bá ọ̀nà Ìlọrin lọ. Kò sí iná ọba lọ́jọ́ náà. Hamidah wọ yàrá òkùnkùn, kò pa súwíìṣì ara ògiri, nítorí ta ní í pa iná tí kò sí? Ó tú fíìmù. Iná dé, ìmọ́lẹ̀ sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Kí ọ̀gá má baà lé e, ó parọ́. Ó ní òun fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, dúdú ló jáde. Nígbà tí Ìyá Ìbejì ń wò ó lójú pé kí ló fà á, ẹnu Hamidah sọ pé: “Bóyá Hassanat ni ò fẹ́.” Obìnrin náà kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Hamidah gbé kúrò nílùú, kò sì wúwo fún un, àfi lọ́dún tó kọjá tó bá Hafeezat ará Ọ̀mù-Àrán pàdé níbi ìsọmọlórúkọ ní Minna. Hafeezat ní Hussainat ṣì wà nílé ìyá rẹ̀, ó ń ránṣọ. Ó yege láti lọ sílé ìwé ní Ìlọrin, ìyá kọ̀. Ọkọ wá, ìyá kọ̀. “Ó ní èkejì rẹ̀ ṣì ń bínú, pé bí Hussainat bá fi lè sọdá odò kúrò nílùú, èkejì á wá mú un.” Ẹ̀rín ni Hafeezat fi sọ ọ́. Hamidah fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde lọ sílé.

Ìdí tó fi wá nìyẹn: kó tún fọ́tò náà yà. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun kò ní í jẹ́wọ́. Bí fọ́tò bá ti jáde, Hassanat ti gbà nìyẹn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìjẹ́wọ́ ṣe?

Ìyá Ìbejì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Hussainat wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Hamidah? Ti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Aaron? Ìwọ lo dàgbà tó báyìí?”

“Àwọn ọmọ mi gan-an ti dàgbà, Màmá.” Hamidah wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní òun wá tún fọ́tò ìbejì ọjọ́sí yà.

Hussainat bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí, lẹ́yìn ogójì ọdún! Ká ní àwa télọ̀ la ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà á ti já wa jẹ.”

Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín. “Ọdọọdún ni mò ń se ẹ̀wà fún un, tí mò ń bẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Ó lè ti dárí jì wá. Yà á. Ṣùgbọ́n bó bá tún kọ̀, mi ò ní í bẹ̀ ẹ́ mọ́. Màá mọ̀ pé inú rẹ̀ ò ní í yọ́ láéláé.”

Wọ́n to àpótí méjì sí ojú oòrùn. Hamidah bo ìdajì ojú kámẹ́rà. Hussainat jókòó sápá òsì, ó gbé àgbọ̀n sókè. Hamidah tẹ̀ ẹ́. Hussainat dìde kó ṣí sápá ọ̀tún.

Àfi bí ẹni pé ẹnì kan di ọwọ́ Hamidah mú. Fíìmù tó ti kọjá ọjọ́ yìí, bó bá lọ jáde dúdú ńkọ́? Ìyá yìí á gbé ìbẹ̀rù náà wọ sàréè, ọmọ á sì jogún rẹ̀.

“Màmá,” ló wí, “fíìmù yìí ti gbó. Ó lè má jáde.”

“Hassanat ti tún kọ̀ nìyẹn?”

“Hassanat ò kọ̀ rí. Èmi ni. Mo tú fíìmù, iná dé, ó bàjẹ́. Mo wá dì í ru Hassanat.”

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì.

“Ẹ tún un sọ,” ni Hussainat wí.

Hamidah tún un sọ, láìyọ nǹkan kan kúrò. Hussainat kò wo ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Salaudeen wá tọrọ mi láti Omupo. Ẹ̀ẹ̀mẹta, Màmá. Ẹ ní odò wà láàárín.”

“Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Ẹ̀rù ta?”

Hussainat padà jókòó sórí àpótí apá òsì tó ti dìde kúrò.

“Apá ọ̀tún ló kù,” ni Hamidah wí. “Bí mo bá yí fíìmù báyìí, ìdajì á ṣófo.”

“Kó ṣófo. Ogójì ọdún ni mo ti ń bá a jókòó síbẹ̀. Mi ò lọ.”

Ìka Hamidah wà lára ohun tí wọ́n fi ń yí fíìmù. Oòrùn ti ń fi àpótí kejì sílẹ̀.

“Má yí i,” ni Ìyá Ìbejì wí. Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. Hussainat fẹ́ dìde ràn án lọ́wọ́, ìyá fọwọ́ dá a dúró. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, ó dé ibi àpótí apá ọ̀tún, ó jókòó.

“Màmá, ibi Hassanat nìyẹn.”

“Hassanat ti kú,” ni Ìyá Ìbejì wí. A kì í pe ìbejì ní òkú. Àwọn ìyá a máa ní ó rìnrìn àjò ni. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí lójú ọmọ rẹ̀. “Yà mí.”

Hamidah bo apá òsì, ó ṣí apá ọ̀tún. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá yí fíìmù.

“Ó ku mélòó?” ni Hussainat bi í.

“Mẹ́jọ.”

“Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yà.”

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ránṣọ. Ìyá rẹ̀ kò kúrò lórí àpótí. Hamidah dúró láàárín wọn, ó gbé kámẹ́rà mọ́ àyà, ó ń dúró de ohun tí Hussainat á sọ.