Ọkọ̀ Tí Kò Mọ Ẹ̀yìn

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn awọ tí oòrùn ti yan gbẹ, tó wá pa pọ̀ mọ́ òórùn epo pẹtiróòlù, Ìbàdàn ni ọkàn mi ń lọ, sí àgbàlá ẹni tó ta ọkọ̀ fún wa. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún epo, koríko kan ò sì hù níbẹ̀. Ọkọ̀ àlòkù tí àwọn òyìnbó tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé fi sílẹ̀ ló tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ti nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán. O rántí bí ìgbà náà ṣe rí. Òmìnira ti ń sún mọ́lé, iwájú ni gbogbo wa ń wò. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ń wo alùpùpù, ẹni tó ní alùpùpù ń wo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọkọ mi ò tilẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ̀.

Télọ̀ ni wọ́n, ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Àwọn tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹdẹ nígbà náà, ọwọ́ ọkọ mi ni aṣọ wọn ti ń jáde, èmi náà sì ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. A ò lówó, ṣùgbọ́n ebi ò pa wá. Takisí ló kó sí wọn lórí. Ìbátan wọn kan ló fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kọ́ wọn ní ọkọ̀ wíwà, láti ìgbà náà ni àga télọ̀ ò ti gbà wọ́n mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò máa gbé èrò láti Ẹdẹ lọ sí Òṣogbo, wọ́n á tún máa ná ọ̀nà Ṣekọ́ná, pé kò sí ọjọ́ tí owó ò ní wọlé. Bí wọ́n ṣe ta maṣíìnì ìránṣọ wọn méjèèjì nìyẹn, fún ọmọọṣẹ́ wọn àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, a sì wọ rélùwéè lọ sí Ìbàdàn. Mo ní kí a mú mẹkáníìkì dání. Wọ́n ní àbùkù ni ìyẹn máa jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ tajà fún wa.

Àgbàlagbà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ẹni náà. Ọkọ̀ kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé ló fi hàn wá, ó kọjú sí títì bí ẹni tó ti múra ìrìn àjò. Ọkọ mi wà á yí àdúgbò po, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún lọ geere. Nígbà tí a padà dé, àgbàlagbà náà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́bàá títì níbẹ̀, pé ọkọ̀ tó ti ń lọ sílé kò gbọdọ̀ tún wọ àgbàlá. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa, ó ṣí fìlà, ó gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ náà, ó ní ká jẹ́ ká gbàdúrà.

“Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí,” ló wí. “Ọkọ̀ yìí ò ní padà sẹ́yìn láyé.”

Àmín tí a ṣe lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń tajà ní òdìkejì títì bá wa ṣe é. Tèmi ló ròkè jù.

A gba Ìwó wá sílé, kò sì sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà lọ́nà. Nígbà tí a dé Ẹdẹ, àwọn ará ilé ti dúró síta, wọ́n ń kí wa kú oríire, àwọn kan ń fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára. Ọkọ mi wá fẹ́ fi ẹ̀yìn wọ abẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kí oòrùn má baà pa á. Wọ́n fa jíà sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà pariwo bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò, kò sì kúrò lójú kan. Wọ́n tún fà á, ó tún pariwo. Ẹnìkan ní bóyá ọ̀nà jíjìn ló ti mú kó rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkùnrin bá tì í sẹ́yìn wọ abẹ́ igi tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n rò pé ara ayẹyẹ ni. Ojú ọkọ mi ni mo ń wò ní tèmi, mo sì rí i pé wọ́n ti mọ̀.

Mẹkáníìkì kan ní Òṣogbo tú u wò. Ó ní eyín jíà tó ń gbé ọkọ̀ padà sẹ́yìn ti jẹ tán, àti pé irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, àfi bí a bá rí irú ọkọ̀ náà mìíràn tó ti kú. A bá padà sí Ìbàdàn. Mo tẹ̀ lé ọkọ mi nítorí mo ti pinnu pé bí wọn ò bá lè jà, èmi á jà. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún wa fún wa ní àga, ó fún wa ní omi tútù, ó sì gbọ́ wa dé òpin.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ló wí, “mo ṣí fìlà níbí, mo sọ fún yín pé ọkọ̀ yìí ò ní padà sẹ́yìn. Kí lẹ fi dá mi lóhùn?”

Ó yíjú sí mi. “Ìyàwó wa, ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò kalẹ̀ láti Ẹdẹ fò lọ lórí mi. Kí ni mo fẹ́ wí? Ṣé kí n ní mi ò ṣe àmín ni? Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Ọkùnrin yẹn mọ̀ wá. Ó mọ̀ pé àwa kì í yẹ àdúrà wò kí a tó gbà á. Bí a bá ti gbọ́ “kò ní” àti “láyé”, ẹnu wa ti là. Bí ẹnìkan bá ní òjò ò ní pa wá láyé, a ó ti ṣe àmín kí a tó rántí pé a ní oko.

Ọkọ mi fi í ṣe takisí bẹ́ẹ̀ náà. Wọn kì í wọ àdúgbò tí kò bá ní ọ̀nà àbájáde. Wọ́n á já èrò sílẹ̀ lókèèrè, wọ́n á ní kí onítọ̀hún fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀, pé ó dára fún ara. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi sọ ọkọ̀ náà ní Kò-mẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ kan tí mo bá wọn lọ, tí a pàdé ọkọ̀ akẹ́rù kan lórí afárá odò Ọ̀ṣun. Afárá náà ò gba ọkọ̀ méjì. Kòkó kún inú akẹ́rù náà bámúbámú, dírẹ́bà rẹ̀ sì ní kí ẹni tó kéré sún sẹ́yìn fún ẹni tó tóbi. Ìgbéyàwó ni àwọn èrò wa ń lọ ní Òṣogbo, pẹ̀lú aṣọ òkè lọ́rùn wọn. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn lórí afárá nínú oòrùn, dírẹ́bà akẹ́rù náà ń tẹ fèrè mọ́ wa. Ìyá kan tì í títí gèlè rẹ̀ fi tú, ó já sódò, odò sì gbé e lọ. Kò bú wa. Ó kàn fi orí lásán wọ ọ̀nà ìgbéyàwó lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti rí takisí mìíràn kì í wọ tiwa mọ́.

Ọkọ mi gbé ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n lọ ń bá ọmọọṣẹ́ wọn àtijọ́ ránṣọ, lórí maṣíìnì tó ti jẹ́ tiwọn rí. Ọmọlúàbí ni ọmọ náà. Ó ṣì ń pè wọ́n ní ọ̀gá, kì í sì í jókòó àyàfi tí wọ́n bá ti jókòó. Ìyẹn gan-an ló ń dùn wọ́n jù. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wo ọwọ́ ara wọn. Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, ọmọ náà sọ fún wọn pé ẹnìkan ní Ìkìrun fẹ́ ra ọ̀kan nínú maṣíìnì méjèèjì, ṣùgbọ́n pé òun á dúró dè wọ́n díẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gbà á padà. Bí wọ́n bá rí maṣíìnì náà gbà, wọ́n á tún di ọ̀gá ara wọn. Owó ọkọ̀ yẹn nìkan ló sì lè gbà á.

Lákòókò náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Awo. Ó ti jèrè lórí kòkó, ó ń wá ọkọ̀ tó máa fi gbé ìyá rẹ̀ kiri, kò sì gbọ́ ìtàn Kò-mẹ̀yìn rí. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú owó. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí i pé ọkọ mi ti bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n bá wọn ti ọkọ̀ náà yí. Ó ti kọjú sí títì.

“Bàbá Ìbejì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi yí i?”

“Ibẹ̀ ló ti rọrùn láti gbé e jáde.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rọrùn ní Ìbàdàn.”

Wọ́n ń fi àkísà nu iná ọkọ̀ náà. Èmi náà ò sì tẹnu mọ́ ọn, nítorí mo fẹ́ kí maṣíìnì yẹn padà wálé. Ó ti sú mi kí n máa wo ọkùnrin tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọmọ Awo náà dé, ó wà á lọ sápá Ṣekọ́ná, ó sì yí i po níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀. Ẹ̀rín ló bá bọ̀. Ó ti mú owó jáde nínú àpò kó tó bọ́ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàdúà sí i kí n tó gbé e lọ.”

Ọkọ mi ṣí fìlà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ náà. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Ọkọ̀ yìí,” ni wọ́n wí, “ọkọ̀ yìí ò ní padà sẹ́yìn.”

“Àmín o,” ni ọmọ náà wí tọkàntọkàn. Ó ti di ojú rẹ̀.

Ó ti tán nìyẹn. Owó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, àmín sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kí ọkọ mi dé fìlà wọn ló kù. Wọn ò dé e.

“Àbúrò, la ojú ẹ,” ni wọ́n wí. “Kì í ṣe àdúà ni mo gbà fún ẹ yẹn. Jíà ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ti kú, kò lè padà sẹ́yìn rárá. Àmín tó o ṣe yẹn, gbà á padà.”

Ọmọ náà wo ọkọ̀, ó wo ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kí òun bínú. Ó dá owó rẹ̀ padà sápò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi, ó sì gba ọ̀nà Awo lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kí Kérésìmesì tó dé, maṣíìnì náà ti wà ní Ìkìrun.

Bí mo bá ní inú mi dùn lójú ẹsẹ̀, irọ́ ni mo pa. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo bi wọ́n bóyá àwa nìkan ni a dá láyé láti máa jìyà ọgbọ́n ẹlòmíràn. Wọ́n ní, “Nígbà tó ṣe àmín yẹn, ohùn èmi gan-an ni mo gbọ́.” Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún gba ṣọ́ọ̀bù ọmọọṣẹ́ wọn lọ. Ẹnìkan tó ń ṣe mẹkáníìkì tú ọkọ̀ náà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó fún wa ní owó díẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kí ọkọ mi tó tún jókòó sídìí maṣíìnì tiwọn.

Wọ́n ti lọ báyìí. Àwọn tó bá ń rántí wọn, aṣọ ni wọ́n ń rántí, bí kọ́là wọn ṣe máa ń dúró ṣánṣán. Èmi mọ ọkọ mi tẹ́lẹ̀, mo sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni ọkàn mi tó balẹ̀ pé mo mọ ẹni tí mo ń bá gbé. Mo ti rí ẹni tó dá ọjà padà. Mo ti rí ẹni tó dá owó ìdána padà. Ọkọ mi nìkan ni mo rí tó dá àmín padà.