Ìbéèrè Apẹja Níbi Ìpàdé Àwọn Amòòkùn

Apẹja kan lọ síbi ìpàdé àwọn amòòkùn àgbáyé, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo. Gbọ̀ngàn gbígbẹ ni wọ́n ti ń kọ́ ìmòòkùn. Inú ife olùkọ́ nìkan ni omi wà. Wọ́n ní kí kálukú dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kó sé èémí. Ọ̀gá amòòkùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Olùkọ́ yìn ín pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Apẹja nawọ́. "Olùkọ́, ẹ̀gbọ́n mi mòòkùn lọ tú àwọ̀n wa, kò jáde mọ́. Ṣé ó jẹ̀rora?"

"Rárá. Á ti dákú kó tó mọ̀. Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Kò sẹ́nì kan. Ó ní ọ̀lẹ ló ń wá olùṣọ́."

"Irú akin bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́run," ni olùkọ́ wí.

Apẹja fa ẹní rẹ̀ mọ́ ti obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa ṣọ́ mi, ẹ máa wo ojú mi." Ó wá sé èémí.