Ilé tí a rà ní Mowe, àti bàbá tó ń sùn níwájú rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ wá gbọ́ bí èmi àti ọkọ mi ṣe di onílé. Mi ò ní fi iyọ̀ kún un, ọ̀rọ̀ náà dùn tó bó ṣe wà.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń háyà ilé ní Ọjọ́ta. Láńlọ́ọ̀dù wa kì í jẹ́ ká kan ìṣó mọ́ ògiri, kì í jẹ́ ká gúnyán ní ìrọ̀lẹ́. Ǹjẹ́ ẹ ti gbé ilé tí wọ́n ti ń sọ ibi tí ẹ ó sá aṣọ sí fún yín rí? Ó sú mi! Mo sọ fún ọkọ mi pé bó ti wù kó kéré, kó ṣáà ti jẹ́ tiwa.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Mowe àti Ìbàfò nìyẹn, Sátidé lórí Sátidé. Àwọn ejẹ́ǹtì fi ilé hàn wá títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Òmíràn, inú irà ló wà. Òmíràn, ọ̀nà ibẹ̀ rí gbágungbàgun débi pé ọlọ́kadà gan-an ní ká sọ̀ kalẹ̀ ká fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń wá.

Ọjọ́ tí mo rí ilé Wàsíù, mo mọ̀ pé a ti débẹ̀. Bọ́ǹgálò kékeré oníyàrá mẹ́ta ní Mowe, kànga tó mọ́ lẹ́yìnkùlé, igi máńgòrò níwájú. Wàsíù fúnra rẹ̀ ló mú wa yí i ká. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ni. Ó ní bàbá òun tó ti kú ló kọ́ ọ, òun nìkan ló jogún rẹ̀, òun sì fẹ́ tà á kíákíá torí òun ń rìnrìn àjò.

Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ nǹkan kan tó ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n lẹ táìlì tuntun mọ́ ọn, wọ́n wá to ìkòkò òdòdó sí i lórí. Wàsíù ní ibẹ̀ ni bàbá òun máa ń jókòó sí gba atẹ́gùn. Ọkọ mi bá jókòó síbẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní áà, ibi tí òun á ti máa ka ìwé ìròyìn nìyí!

Èmi kàn ń wò ó ni. Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ní Ìjẹ̀bú ni mo dàgbà sí. Orí sàréè bàbá àgbà la máa ń sá èlùbọ́ sí, ibẹ̀ la ti ń ta ayò, ibẹ̀ la ti ń jẹun ọ̀sán. Ṣé irú èmi yìí ni kò ní dá sàréè mọ̀? Ìjókòó wo ló gùn tó èèyàn tó nà gbalaja, tí kò sì ní ibi ìfẹ̀yìntì?

Mi ò pariwo. Mo kàn rọra bi Wàsíù pé, “Bọ̀dá, ibo lẹ sin bàbá sí?”

Ikọ́ dé! Ó wúkọ́ títí, ó ní ẹ jẹ́ ká lọ wo kíṣìnì. Ọkọ mi wò mí, ó wo táìlì tó jókòó lé, ó fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ! Títí dòní, tí mo bá rántí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ó búra pé òun ò ní bá òkú gbélé. Mo ní òkú kọ́ ni ìṣòro mi, àwọn alààyè ni. Bàbá tí wọ́n sin síwájú ilé, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ni ilé yẹn. Ẹni tó fi òdòdó bo sàréè bàbá rẹ̀, ṣé àwa nìkan ló ń fi nǹkan pamọ́ fún? Tí a bá rà á lọ́wọ́ òun nìkan, lọ́jọ́ kan àwọn yòókù á dé, wọ́n á sì lé wa jáde bí adìẹ tó ṣìnà wọlé.

Mo pe Wàsíù lórí fóònù. Mo ní títí tí màá fi fojú kan àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, kọ́bọ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ wa. Ó ní àwọn oníbàárà mìíràn ti wà nílẹ̀. Mo ní kó tà á fún wọn, kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Ẹ ò rí i, ó tún pè padà! Ó jọ pé àwọn oníbàárà yẹn ò sí níbì kankan.

Bó ṣe mú wa lọ sí Ifọ̀ nìyẹn, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alhaja. Alhaja ò tiẹ̀ gbọ́ pé ilé wà lọ́jà! Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi kọjú sí àbúrò wọn.

“Wàsíù, o fẹ́ ta bàbá wa?”

Wàsíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhaja bú sẹ́kún, èmi náà sì ń sunkún, torí mo gbà pé ilé ti bọ́ nìyẹn. Mo tọrọ àforíjì, mo ní a ò mọ̀, a ò sì ní gba ilé bàbá ẹnikẹ́ni mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mí wọra. Mo ti yan ibi tí màá gbé bẹ́ẹ̀dì sí!

Nígbà tó yá, Alhaja pè mí. Wọ́n ní àwọn ọmọ bàbá ti ṣèpàdé. Kálukú ti kọ́lé tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀, ilé tí kò sì léèyàn nínú kì í pẹ́ bàjẹ́.

“Ìyàwó, ìwọ lo béèrè ibi tí a sin bàbá wa sí,” ni Alhaja wí. “Ẹlòmíì ì bá ti fi katapílà wó o. A máa tà á fún yín. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sàréè o, ọdọọdún, lẹ́yìn Iléyá, la ó sì máa wá ṣàdúà fún wọn.”

Mo gbà lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi ńkọ́? Ó ní àfi kí òun bi pásítọ̀. Pásítọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀ ní Iléṣà, ìtòsí ibẹ̀ gan-an làwọn sì máa ń sùn sí lọ́dún Kérésìmesì. Bí ọkọ mi náà ṣe gbà nìyẹn!

Iwájú lọ́yà ni gbogbo ọmọ bàbá ti fọwọ́ sí i, títí kan Wàsíù tó ń wolẹ̀. A kọ ọ̀rọ̀ sàréè náà sínú àdéhùn, a kó wọlé.

Iléyá dé. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbálẹ̀ abẹ́ igi, tó fọ táìlì mọ́. Mo wà ní kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́nu géètì. Géètì ò tì o! Àmọ́ Alhaja, ọmọ ẹni tó kọ́lé, dúró síta pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn, wọn ò gbẹ́sẹ̀ wọlé. Wọ́n ké pé:

“Àgò onílé o!”

Látọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sáré jáde, mo dáhùn pé, “Àgò yà o! Ẹ wọlé.”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹ má wo ilé nìkan, ẹ wá gbogbo àwọn tó ni ín rí. Ẹni tó bá fi tinútinú gbé ilé bàbá rẹ̀ fún yín, yóò kágò kó tó wọlé. Ẹni tí wọ́n ta ilé bàbá rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, géètì ni yóò fọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilé, báwo ni tiyín ṣe lọ? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí kí gbogbo wa kà á: ta ló kọ́kọ́ pè yín ní onílé?