Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ńjìnnì tí Ó Ń Gbé Bàbá Wa Wálé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni a máa ń rí bàbá wa. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lápá Ìjanikin, ibẹ̀ ni ó sì ń sùn, nítorí pé ọkọ̀ kì í tètè dé oríta Mòwó nítòsí ilé wa láàárọ̀. Bí ó bá gbé àbúrò mi ọkùnrin, tí kò tíì já lẹ́nu ọmú, ọmọ náà á fi igbe ta bí ẹni pé àlejò ni ó gbé e. Bàbá á dá a padà fún ìyá wa.

Igbe ọmọ yìí ni ó mú un pinnu láti to kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì: kẹ̀kẹ́ ológeere tí a so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́, irú èyí tí àwọn ará Àjàṣẹ́ ń gùn kọjá ibodè. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó ń ra ẹ̀yà rẹ̀. Sípóòkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ nípọn, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ń wọ̀ sí. Á tẹ́ ṣéènì sórí ẹní, á máa fọwọ́ tẹ oríkèé rẹ̀ wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó máa ń sọ fún wa pé, “Ẹ́ńjìnnì ló ń múni kúrò nílé, bíréèkì ló ń múni padà.”

Ọmọ Àjìdó ni ìyá mi, ẹja ni ó sì ń yan tà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ẹ ó rántí bí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ṣe ń jẹ páànù òrùlé wa títí yóò fi dà bí asẹ́. Ìyá wò ó pé ìpẹtà ń bọ̀ wá jẹ irin ọkọ òun. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá wà níbi iṣẹ́, ó so gbogbo ẹ̀yà náà rọ̀ sókè ààrò ẹja, ó sì tú wọn sílẹ̀ kí Bàbá tó dé lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà pé ohun tí èéfín bá ti pa mọ́ kì í bàjẹ́.

Nígbà tí Bàbá gbé ẹ́ńjìnnì dé, ó to kẹ̀kẹ́ náà, ó sì gùn ún yí àgbàlá ká. Ajá méjì ń tẹ̀ lé òórùn rẹ̀. Ó fa bíréèkì, kò mú. Ó kó sínú àwọ̀n tí aládùúgbò wa apẹja sá.

“Ìyá Sẹ̀nàmi,” ni ó pe ìyá mi, nítorí èmi ni àkọ́bí, “kí ló ṣe rọ́bà bíréèkì yìí? Ó ti gan!”

“Mo gbé e sókè ààrò ni.”

“Ṣé ẹja lo rò pé mo rà ni?”

Apẹja náà ké pé, “Bàbá Sẹ̀nàmi, ẹ bu ata sí i, ó ti jinná!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá. Ó ní, “Ẹ má bínú. Mo fẹ́ kó lálòpẹ́ ni. Bó bá dákú sọ́nà, ẹ ò ní lè máa wá sùn nílé.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ náà. Ó fọwọ́ nu ṣéènì wò: ọ̀rá ẹja ti bò ó, kò sí ìpẹtà kankan lára rẹ̀. Ó ra rọ́bà mìíràn. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti tú ṣéènì fọ̀, ìyá mi ni ó máa ń gbé e fún. “Bá mi gbé e sókè ààrò.” Kẹ̀kẹ́ náà kò sì já a kulẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó ń dé, tí ṣòkòtò rẹ̀ ń rùn bí ẹja yíyan, tí àbúrò mi sì ń sáré lọ dì mọ́ ọn.

Lónìí, ọ̀kadà kún gbogbo oríta. Èmi náà ń gùn ún lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbàlagbà, n kì í sì í béèrè ẹni tí ó yan bíréèkì rẹ̀. Àbúrò mi ti di onímọ́tò. Ó máa ń jiyàn pé kò sí ìgbà kankan tí Bàbá kì í sùn nílé. N kì í jà á níyàn. Ohun tí Bàbá tìtorí rẹ̀ to kẹ̀kẹ́ nìyẹn.