Ayò Tó Wà Lẹ́yìn Òkìtì Iṣu

Ìloro ilé wa ni baálé mi ti ran fìlà títí ọwọ́ wọn fi kọṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni ọpọ́n ayò wọn máa ń wà, lẹ́bàá ògiri, níbi tí oòrùn kì í dé. Bí wọ́n bá ti ran fìlà kan tán, wọ́n á fa ọpọ́n síwájú, ẹni tó ń kọjá lọ sí Ọjà-Ọba á yà bá wọn, ariwo á sì sọ. Bí ìrun bá tó, wọ́n á da aṣọ bo ọpọ́n náà bó ṣe wà, wọ́n á lọ kírun, wọ́n á sì padà wá bá ayò níbi tí wọ́n bá a dé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣí aṣọ yẹn. Ọmọdé ilé wa mọ̀ pé ayò tí aṣọ bá wà lórí rẹ̀ kò tíì parí.

Gbogbo ọmọ tí mo bí, àti àwọn ọmọ ọmọ wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ayò lọ́wọ́ wọn. Àṣìṣe kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ náà ń ṣe. Bí ọmọ ayò bá pọ̀ nínú ilé kan, tó o kó o, tó ò ń fi í sílé lọ́kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká, wàá padà kan ilé tó o ti kó o. O ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan síbẹ̀. Ńṣe ni wàá fò ó. Ọmọdé kì í rántí. Á ju ọ̀kan sí i, baálé mi á sì na ìka: "Fò ó!" Àwọn tó ń wòran á gbà á lẹ́nu wọn: "Fò ó! Ìwọ òpè, fò ó!" Ọmọ náà á bú sẹ́rìn-ín tàbí kó bú sẹ́kún, ó kù sọ́wọ́ irú ọmọ tó bá jẹ́.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ kan ni àìsàn gbé wọn ṣubú. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dá lẹ́nu wọn. Wọ́n tọ́jú wọn ní ọsibítù títí wọ́n fi lè jókòó, tí wọ́n sì ń jẹun bí a bá fi sí wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò padà wá. Wọ́n á kàn máa wò wá. Kí n má purọ́, ọjọ́ mìíràn wà tí èmi gan-an ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ mí. Mo gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn nígbà kan. Ọwọ́ òsì tó ṣẹ́ kù gbọ̀n, ọmọ ayò dà sórí ẹní, wọ́n sì yíjú sí ògiri. Mo ṣà á, mo di ọpọ́n náà, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N ò gbé e síwájú wọn mọ́. Ojú tí wọ́n yí yẹn ò kúrò lára mi bọ̀rọ̀.

Àkọ́bí wa ọkùnrin ń gbé ní Àbújá. Nígbà tó rí bí nǹkan ṣe rí, ó ní òun máa gbé bàbá òun lọ sọ́dọ̀ òun.

"Màmá, ẹ ti dàgbà. Ẹ ò lè máa gbé ọkùnrin dìde kí ẹ tún máa gbé e jókòó."

"Èmi ni mo sọ fún ọ pé ó ti sú mi?"

"Ẹ ò ní sọ. Ìgbà wo lẹ sọ ọ́ rí? Nọ́ọ̀sì wà nítòsí mi níbẹ̀. Kí ẹ̀yin náà máa bọ̀."

"Ilé yìí ni wọ́n bí bàbá yín sí."

Ó rọra dá mi lóhùn. "Màmá, Bàbá ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ẹ gbé wọn sí Àbújá o, ẹ gbé wọn síbí o, bákan náà ni lójú wọn."

Kí ni mo fẹ́ fi hàn án pé wọ́n mọ̀? Ó ní bí a bá ti ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán, òun máa gbé mọ́tò wá. Gbogbo ààwẹ̀ yẹn, bí mo bá ti kírun tán, ohun kan náà ni mò ń bẹ Ọlọ́run sí: kí baálé mi má lọ kú sí yàrá tí wọn ò dá ògiri rẹ̀ mọ̀.

Ọmọbìnrin àkọ́bí yìí ló ń gbé lọ́dọ̀ wa. Yunifásítì ló bá wá sí Ìlọrin, ó ṣe tán, kò sì padà lọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ṣe géèmù, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń fi ṣeré lórí fóònù. Iṣẹ́ ni wọ́n pè é, èmi náà bá wọn pè é níṣẹ́. Nínú ààwẹ̀ náà, ó wá jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tí mo ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà tí mo fẹ́ gbé lọ tà ní ọjà Ìpàta.

"Ìyá, ẹ wá wo ọjà yín."

Mo wo fóònù tó nà sí mi. Ìpàta ni lóòótọ́: àpò ọkà, lọ́rì, àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń fún fèrè. Ọmọbìnrin kan gbérù, ó ń sáré láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ta ló ń sáré báyìí ní Ìpàta? Wọ́n á ní olè ni."

"Géèmù ni, Ìyá. Bí kò bá sáré, ta ló máa fi ṣeré?"

Ó mú ọmọ inú fóònù náà dúró lẹ́yìn òkìtì iṣu kan, ó fìka tẹ ibẹ̀, ilẹ̀kùn kan sì ṣí níbi tí n kò rí ilẹ̀kùn. Inú yàrá kan ló wọ̀.

"Ẹ wo ògiri yẹn."

"Bíríkì ni."

"Ẹ wò ó dáadáa."

Bíríkì kan ń já bọ̀ láti òkè, ó yí ara rẹ̀ po, ó wọ àárín àwọn ìyókù. Mo ju ẹ̀wà ọwọ́ mi sínú igbá. "Haa! Èyí tí bàbá ẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀ máa ń torí ẹ̀ jà!" Ohun ìṣeré kékeré kan ni, tó ń lo bátìrì, tó ń dún tì-tì-tì látàárọ̀ dalẹ́. Mo ti rì í mọ́ inú àpò ẹ̀wà rí kí n lè sinmi, wọ́n wá a rí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwa tó ń ṣe géèmù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń fi géèmù àtijọ́ pamọ́ sínú tuntun. A ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi tàtijọ́ ṣeré rí ló máa dá a mọ̀."

"Ẹni tí ò bá mọ̀ ńkọ́?"

"Á sáré kọjá."

Ó tún fi ìka tẹ ibì kan, ní ìsàlẹ̀ ògiri. Nǹkan kan wà nílẹ̀ tí wọ́n da aṣọ bò. N kò bi í pé kí ni. Mo ti mọ̀. Ìloro wa ló yà, títí kan ibi tí ògiri ti là. Ó ṣí aṣọ náà, ọpọ́n ayò sì nìyẹn, tòun ti ọmọ ayò nínú.

"Ta ló máa mọ̀ pé aṣọ máa ń wà lórí rẹ̀?" mo bi í.

"Ẹ̀yin. Dádì. Bàbá." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá, ẹ wò ó, kì í ṣe pé Bàbá máa kó ọmọ ayò. Ìka kan ni. Kí wọ́n ṣáà fi tẹ ilé tó wù wọ́n, fóònù á tà á." Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tí ò gbé ní Ìlọrin ló ń ṣe bí ayò náà ṣe máa máa rìn, kò sì tíì parí.

Èmi gbàgbé géèmù. Ìka kan ni mo gbọ́. Ìka ṣì wà lọ́wọ́ òsì.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ kọjá kí ayò náà tó parí. Ọjọ́ tí àkọ́bí mi gbé mọ́tò wá náà ni ọ̀rẹ́ ọmọ ọmọ mi fi í ránṣẹ́. A ti di ẹrù. Baálé mi jókòó sí ìloro, a ti wọ aṣọ fún wọn, báàgì wọn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ ọmọ mi sáré jáde, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé fóònù kan tó fẹ̀ bíi síléètì lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Kí lo tún ń ṣe?" bàbá rẹ̀ bi í. "Ọ̀nà jìn o."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Ó mú ọmọ inú fóònù kọjá sẹ́yìn òkìtì iṣu, ilẹ̀kùn ṣí. Àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀ wò ó lókè èjìká ọmọ rẹ̀, ó rí bíríkì tó ń já bọ̀. "Ìwọ lo ṣe èyí?" Kò tún mẹ́nu kan ọ̀nà mọ́.

Baálé mi ń wo aṣọ tó wà nílẹ̀ yàrá náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Ọwọ́ òsì wọn gbéra lórí ẹsẹ̀, ó sì kan ojú fóònù. Aṣọ ṣí. Wọ́n tẹ ilé kan. Fóònù ta tirẹ̀. Wọ́n tẹ òmíràn. Bí wọ́n ṣe máa ń ta á látijọ́ ni wọ́n ń ta á, wọ́n ń pa ọmọ ayò mọ́ sílé kan, wọn ò fọwọ́ kan án, àfi ìgbà tó kún. Ìgbà náà ni wọ́n wá tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ayò ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò-kò-kò, ó yí ọpọ́n po, ó dé ilé tó ti kúrò, ọ̀kan sì bọ́ síbẹ̀.

Ìka wọn dúró lófuurufú. Iwájú orí wọn ṣù.

"Fò ó."

Ó wúwo, ó rí bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú oorun, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Wọ́n na ìka sí fóònù náà. "Fò ó!"

"Bàbá, ẹ má bínú," ọmọ ọmọ mi ń sunkún, "ọ̀rẹ́ mi ni, kò mọ ayò, kò mọ̀ ọ́n rárá."

Ẹnu mi ló ṣáájú ọkàn mi. "Ìwọ òpè, fò ó!" Baálé mi yíjú sí mi. Apá ẹnu wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbéra díẹ̀, wọ́n sì na ìka kan náà kúrò lójú fóònù sí ẹ̀bá ògiri, ibi tí oòrùn kì í dé, ibi tí a ti gbé ọpọ́n kúrò.

Àkọ́bí mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti aṣọ funfun tó wọ̀. "Èmi ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún jù," ó wí. Ó dìde, ó sì gbé báàgì náà padà sínú ilé fúnra rẹ̀. Mo lọ gbé omi kaná, nítorí ó máa jẹun kó tó lọ.

Baálé mi kò kúrò nílé. Àkọ́bí mi wá ẹnì kan níbí tó ń wá bá mi gbé wọn dìde. Ọ̀rọ̀ ò tíì padà tán. Ọ̀kan yẹn náà ni wọ́n ṣì ń fi ṣe púpọ̀: bí ata bá pọ̀ lọ́bẹ̀, wọ́n á ní "fò ó", mo sì ń gbọ́ wọn yé. Ọmọ ọmọ mi bi mí bóyá kó fi àṣìṣe inú géèmù náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá wọ́n á tún máa sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe. Ẹlòmíràn lè rí i, á rò pé bí a ṣe ń ta á nìyẹn. Ó tún un ṣe. Láti ìgbà yẹn, ọmọ ayò ń fo ilé rẹ̀, baálé mi sì ń ta á láìsọ nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ni wọ́n máa ń ta á, lẹ́bàá ògiri. Bí wọ́n bá pe ìrun alásárì, wọ́n á fi ìka kan tẹ etí ọpọ́n náà, aṣọ á bò ó. Èmi á gbé fóònù kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, n ó gbé kẹ́tùlù wá, n ó sì ṣe àlùwàlá fún wọn, ọwọ́ tó kú àti ọwọ́ tó yè.