Moudachirou Kì Í Sùn Kó Tó Kí Baálẹ̀

Ó yẹ kí a fi tó gbogbo ayé létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, pé olóògbé Moudachirou, àgbẹ̀ oníṣu ará Manigri, kì í sùn ní ìlú kan àfi tí ó bá ti kí baálẹ̀ ibẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé, nígbà tí ó dé ìlú York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ló dúró lẹ́nu ọ̀nà otẹ́ẹ̀lì tòun ti iṣu kan lábẹ́ abíyá, tí kò gba kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá, ẹ gbà á, ó ti rẹ̀ yín," ni Sakinatou ọmọ rẹ̀ wí.

"Ta ló ni ìlú yìí?"

"Ọba wọn ń bẹ ní London."

"Ṣé London ni mo fẹ́ sùn sí?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ya ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé lẹ́nu. Nígbà tí ó lọ sí Pénéssoulou, baálẹ̀ ti lọ sóko. Moudachirou tọ̀ ọ́ lọ, ó sì bá a lórí igi irú, tó ń ká èso. Ó lóṣòó sídìí igi, ó kí i. Baálẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu," ni Moudachirou dáhùn. "Ẹ ṣáà dá mi lóhùn, oorun ń kùn mí."

Ti Doguè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi ìgbéyàwó kan, òun ló yẹ kó fa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n baálẹ̀ wà ní ọjà Bassila. Ó gun alùpùpù lọ bá a níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà, wọ́n ti pín ẹran tán, ọkọ ìyàwó, tí òun náà jẹ́ àlejò, sì ti sùn lọ. Moudachirou wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé èyí ti kí baálẹ̀ báyìí?"

Ti York kì í ṣe eré fún Sakinatou rárá. Ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ fẹ́ kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní Faransé, èdè tí àwọn òyìnbó Faransé yá wa, tí àwa náà wá ń yá ẹlòmíràn. Ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Ó sì ti pinnu pé bí bàbá òun kò bá fọwọ́ sí i, Manigri ni òun ń padà sí. Ìdí tí ó fi mú un wá lo òpin ọ̀sẹ̀ nìyẹn, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ìlú náà. Láti àárọ̀, bàbá kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára. Iṣu ló ń bá jà. Ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti rà á, nítorí a kì í lọ kí baálẹ̀ lọ́wọ́ òfo. "Iṣu yìí," ni àgbẹ̀ Manigri wí, "ti kú kí wọ́n tó wà á."

Wọ́n bá wá baálẹ̀ lọ, wọ́n gun odi ìlú. Ó fi ìka kan òkúta rẹ̀ kó-kó-kó. "Ìlú tó mọ irú odi yìí kò lè ṣaláìní baálẹ̀." Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, níbi tí wọ́n gbé ère ọba kan jókòó sí.

"Èyí ńkọ́?"

"Ère ni, Bàbá. Ẹni náà ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

"Mo rí i pé ó ti kú. Ta ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀?"

Nísàlẹ̀ odi ni wọ́n ti rí ìyá arúgbó kan lórí bẹ́ǹṣì, tó ń jẹ búrẹ́dì. Moudachirou ní kí ọmọ rẹ̀ bi í níbi tí wọ́n ti bí i. Ìyá náà fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí òpópónà kan: ibẹ̀ ni wọ́n ti bí òun, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá òun, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti bí ìyá ìyá òun.

"A ti débẹ̀," ni Moudachirou wí. Ó ṣí fìlà, ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé iṣu síwájú ìyá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ, ó sọ, ó sọ.

Ojú ń ti Sakinatou. "Bàbá mi ní ẹ kú ọ̀sán," ló fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wí.

Bàbá rẹ̀ wò ó. "Gẹ̀ẹ́sì mà kúrú o! Tún un sọ."

Ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ó ní ọmọ òun ń bọ̀ wá máa gbé ìlú yín. Ó ní kò ní ìyá níbí, kò sì ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹ̀yin ni òun fi í lé lọ́wọ́. Bó bá sì ṣe ohun tí kò dára, kí ẹ bá a wí, kí ẹ má dúró de òun, ọ̀nà jìn…"

Ibẹ̀ ni Sakinatou fúnra rẹ̀ ti wá gbọ́ ohun tí ó ń túmọ̀. Ọmọ òun ń bọ̀ wá máa gbé. Ó yíjú wo bàbá rẹ̀.

"Kí ló dé tí o dákẹ́?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

"Parí rẹ̀ jàre. Òtútù ń mú baálẹ̀."

Ìyá náà, Hilda lorúkọ rẹ̀, wo iṣu, ó wo ọmọ, ó wo bàbá tó lóṣòó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: "Ṣé ó máa ń mu tíì?"

Bí Moudachirou ṣe gba kọ́kọ́rọ́ nìyẹn, tó sùn bí ọba. Nígbà tí ẹni tó wà ní yàrá kejì wá fẹjọ́ ìhanrun rẹ̀ sùn, ó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Hilda.

Ó kú ní Manigri ní ọdún tó kọjá, nígbà tí kajú ń pọ́n, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyá Hilda, tí kì í yé bá Sakinatou jà pé ó jáde láì wọ kóòtù, fẹsẹ̀ rin inú òjò dé ilé ọmọ náà ní York. Ó se ọbẹ̀ tí kò lata, ó sì jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Sakinatou ní ọbẹ̀ náà dùn. Ọlọ́run á dárí ìyẹn jì í.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ ni Ìyá Hilda ń pe Nimatou, ìyàwó olóògbé, lórí fóònù ní Manigri. Hilda kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nimatou kò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Yorùbá wa ló fi ń dá a lóhùn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, orúkọ Moudachirou nìkan ni wọ́n jọ ní. Bí ọ̀kan bá ti dá a, àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á tún máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ta ló ń túmọ̀ fún wọn?