Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Òórùn tùràrí kì í bà mí lẹ́rù. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, bí mo ṣe mọ òórùn aṣọ ìyá mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo ń sọ yìí, òórùn mìíràn yọ́ wọ inú rẹ̀: òórùn ike tó ń jóná, ó korò, ó sì ń ta mí lọ́fun. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́bàá Goresbrook, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ́nù, la fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. A ti kun ògiri rẹ̀ ní funfun, a ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì funfun sórí ibi mímọ́, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, páànù orí rẹ̀ á máa pariwo lé àdúrà wa lórí. Àwọn akọrin ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, tí mo sì rí èéfín dúdú tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá bàtà jáde.

Ìwọ náà mọ̀ pé àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé gan-an ni yàrá tí a ń kó bàtà sí wà. Ẹnì kan ti tan hítà sínú rẹ̀, kí bàtà àwọn àgbà má baà tutù nígbà tí ìsìn bá parí. Wáyà hítà yẹn ló gbóná jù tó gbiná, iná sì rí bàtà rọ́bà rẹpẹtẹ jẹ. Kí orin tó dákẹ́, èéfín ti dí ẹnu ọ̀nà pa. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún wa, ilẹ̀kùn pàjáwìrì tó wà lára ògiri ìlà oòrùn, lẹ́yìn pẹpẹ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù tòótọ́ ti bà mí. Gbogbo wa sáré síwájú. Àwọn ọkùnrin fo ọgbà igi kékeré tó yí ibi mímọ́ ká, wọ́n kọjá. Àwọn obìnrin dé ibi igi náà, wọ́n dúró. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ìjọ ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ obìnrin kì í tẹ ibẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì rántí kí orí wọn tó rántí. Ìyá mi ló wà níwájú pátápátá, ó di igi náà mú, ó ń wúkọ́.

“Màámi, ẹ kọjá!”

“Ẹsẹ̀ mi ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀.”

“Iná ni, Màámi!”

“Ṣé mo fọ́jú ni?”

Nǹkan kan bú gbàù lẹ́yìn wa, gílóòbù orí wa sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Olùṣọ́ tó jẹ́ olórí ìjọ wa, bàbá arúgbó tí ohùn rẹ̀ kì í sábà ròkè, ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì wọlé. Ó ń kígbe pé, “Ẹ̀yin ìyá, ẹ kọjá! Mo ní kí ẹ kọjá!” Àwọn kan dijú, wọ́n kọjá pẹ̀lú ẹkún. Ìyá mi kò mira. Mo kẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pọn ọmọ.

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi: “Ṣé ẹsẹ̀ mi ò ní kàn án?”

“Kò ní kàn án, Màámi.”

Bí mo ṣe pọn ìyá mi kọjá pẹpẹ nìyẹn. Orúnkún rẹ̀ há mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, èémí rẹ̀ gbóná mọ́ mi lọ́rùn, ojú mi sì ń ṣomi débi tí n kò fi rí ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀rù iná bà mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ẹ̀rù pé mo lè kọsẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ilẹ̀ bà mí bákan náà. Bí a bá kú, a kú. Bí a bá yè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kàn án, èmi ni n kò ní gbádùn.

A dúró lórí kọ̀ǹkéré ìta láìwọ bàtà, gbogbo wa ní funfun, àwọn aládùúgbò ń wò wá láti ojú fèrèsé. Àwọn panápaná dé kíákíá, wọ́n sì pa iná náà. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀kan nínú wọn gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ó fi bàtà ńlá rẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì funfun wa kọjá gbẹrẹgẹdẹ, ó sì ṣí akoto. Irun gígùn já bọ́ sí èjìká rẹ̀.

“Obìnrin ni?” ni ìyá mi bi mí.

“Obìnrin ni, Màámi.”

“Ó tún wọ bàtà.” Ó wò ó títí. “Ta ló fún un láṣẹ?”

Ìbéèrè yẹn ló mú mi. Ìyá mi gbàgbé rẹ̀ kí a tó délé. Èmi kò gbàgbé títí dòní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá panápaná kan wá yẹ ilé wò. Ó béèrè ẹni tí ààbò ilé náà wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí òfin fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Alàgbà wa kan tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì dáhùn pé, “Jésù ni, sà.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹni tí òun lè tẹ̀ láago ni òun ń wá. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ tó mú ara wa tutù: a kò gbọdọ̀ lo ilé náà títí ọ̀nà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yóò fi ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bẹ́ẹ̀, ìlà oòrùn ni pẹpẹ wa gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ibẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn wà. Ó dà bíi pé ìjọ wa ti tú.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹni tó láṣẹ lórí iṣẹ́ panápaná. N kò lè sùn dáadáa. Bí mo bá dijú, igi pẹpẹ ni mo ń rí, àti ọwọ́ ìyá mi lórí rẹ̀. Mo ti rò pé kánsù ló ni panápaná, bó ṣe ni àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Òfin ní gbogbo àgbègbè gbọ́dọ̀ ní aláṣẹ panápaná, ṣùgbọ́n kò dá ẹ̀wù kan náà fún gbogbo wọn. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé kánsù ẹkùn náà fúnra rẹ̀ ni aláṣẹ. Níbòmíràn, kánsù mélòó kan á yan kánsẹ́lọ̀ wọn láti jókòó pọ̀ bí ìgbìmọ̀. Láwọn ẹkùn kan, ẹni tí aráàlú dìbò yàn láti máa bójú tó ọlọ́pàá ni wọ́n fi àṣẹ náà lé lọ́wọ́. Lọ́ńdọ́nù náà ní ìgbìmọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú u ká, wọ́n sì fi ẹnì kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Ẹnì kan, ọ̀rẹ́ mi! Òfin sọ ẹni yẹn di odindi àjọ. Bó bá fẹ̀yìn tì, àjọ kò kú. Ẹni tó bá gorí àga ló di àjọ náà, pẹ̀lú dúkìá, gbèsè àti àdéhùn tó bá níbẹ̀. Bí oyè ìdílé ni: olóyè ń lọ, oyè dúró. Nínú ọkọ̀ ojú irin láti Chadwell Heath ni mo ti ka ibẹ̀, mo sì gbàgbé láti sọ̀ ní Stratford. Ó wá tún dùn mọ́ mi nígbà tí mo rí i pé ara àwọn àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti lo irú òfin yìí láyé àtijọ́, kí ilẹ̀ ìjọ má baà di ogún ọmọ àlùfáà nígbà tí àlùfáà bá kú.

Ilé awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Becontree Heath ni àwọn alàgbà ti ṣèpàdé. Ìyá mi wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá ìjọ.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ kánsẹ́lọ̀ wa. Ṣebí ó jẹ ìrẹsì wa níbi ìkórè.”

“Ó tún di díẹ̀ lọ sílé,” ni ìyá mi fi kún un.

Mo dìde. “Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí. Kánsẹ́lọ̀ kò lágbára lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ni aláṣẹ panápaná Lọ́ńdọ́nù. Orúkọ ẹni yẹn ni ọkùnrin tó wá yẹ ilé wò fi ń ṣiṣẹ́.”

“Ẹnì kan? Fún gbogbo Lọ́ńdọ́nù?” ni olùṣọ́ bi mí. “Ta ló wá láṣẹ lórí òun náà?”

“Méyọ̀ ló ń yàn án, sà, méyọ̀ sì lè pàṣẹ fún un. Àwọn aṣojú ìlú náà lè pè é wá dáhùn ní gbangba. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ni ẹrù wà.”

“Ta la máa bẹ̀ nígbà náà?”

“Kò sí, sà. Bí a bá rò pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, ilé ẹjọ́ ló kù.”

Ìyá mi tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. “Mo ní ìbéèrè. Bí ẹnì kan bá lè dáhùn fún gbogbo Lọ́ńdọ́nù, ta ló ń dáhùn fún mi nínú ilé tí mo ti ń jọ́sìn? Ẹ má sọ pé Jésù. Mo mọ ti Jésù.”

Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ iná lọ. Mo rò pé wọ́n á bá a wí. Mo tún rò pé kò ní sẹ́ni tó máa dáhùn, ìyẹn ló burú jù. Olùṣọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí.

“Èmi ni,” ló sọ. “Bí ẹ bá kú sínú ilé yẹn, èmi ni.”

Ó wá kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó gé kápẹ́ẹ̀tì funfun láti ibi ọgbà igi dé ilẹ̀kùn, ní fífẹ̀ tí ènìyàn méjì lè gbà rìn pọ̀. Ó gé ọgbà igi náà níbẹ̀, ó sún pẹpẹ díẹ̀ sápá òsì. Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà, ó sì kéde pé ilẹ̀ náà kò sí lára ibi mímọ́ mọ́. Sìmẹ́ńtì lásán ló kù, bíi ti ojú títì. Ọ̀gá panápaná padà wá, ó rìn ín dé ìta, ó sì ní ká máa lo ilé wa.

Títí di òní, n kì í jókòó nínú ilé kankan kí n má kọ́kọ́ wá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàwó mi ní àìsàn ni. Mo ń pè é ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni. Ohun tí ọjọ́ yẹn fi yé mi ni pé ilẹ̀kùn tí kò lẹ́ni tó lè sọ pé “èmi ni” lórí rẹ̀, ògiri ni.

Oṣù tó kọjá la ṣe ìdánrawò pàjáwìrì iná tó kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé aago ìkìlọ̀ máa dún, síbẹ̀ nígbà tó dún, mo fò dìde bíi pé èéfín ti dé. N kò mọ ìgbà tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Mo kẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀.

Ó gbá mi lẹ́yìn. “Dìde jàre, o ń dínà.”

Nígbà tí mo fi nàró, sùtánà rẹ̀ ti ń lọ lórí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ lásán rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Gbogbo wa la jáde, kò sẹ́ni tó dúró síbi igi. Ìyá mi ló ṣe ìkẹta nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé ìta. Èmi ni mo kẹ́yìn.